Màdáámú Lójú-Ẹsẹ̀ àti Lẹ́tà Gọ́tà

Ìbínú ló gbé iṣẹ́ náà lé Bọ́láwùmí lọ́wọ́. Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wọn ní Agbowó, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń mú un lọ kí ó lè bá a ka ìwé tí lẹ́tà inú rẹ̀ bá kéré jù, àwọn àgbà ti fi wákàtí kan àtààbọ̀ sọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí láti ẹ̀gbẹ́ ilé Olóyè Akíndúró títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Ọmọ́fẹ́. Wọ́n sì ti fẹ́ sún ọ̀rọ̀ náà di oṣù tí ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sún un láti èṣí. Ni ọmọbìnrin tó jáde yunifásítì lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn bá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá wa," ó ní, "kí la tún ń dúró dè? Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ojú àgbàrá ti kéde pé àdúgbò tó bá kọ̀wé ni àwọn máa gbé katapílà wá bá kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ìwé orúkọ wọn. Àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ìwé ojú kan péré! Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe, lójú ẹsẹ̀ ló máa kọ ọ́."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó dùn mọ́ Bọ́láwùmí pé gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìgbà tí Àlàájì Rasheed Gbádérọ̀, alága ìpàdé, rẹ́rìn-ín músẹ́ ló tó fura pé òun ti fi ẹsẹ̀ ara òun rìn wọnú pàkúté.

"Ọmọ dáadáa," Àlàájì ní. "Ó yá, ìwọ bá wa kọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀."

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kí wọ́n tó délé, orúkọ ọmọ rẹ̀ ti yí padà: ó ti di Màdáámú Lójú-Ẹsẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Bọ́láwùmí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Ó kọ "Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n," ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì jókòó tì í. Lójú tirẹ̀, lẹ́tà tí kò ní ìtàn kò lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé àkọ́kọ́ sí àdúgbò náà. Nígbà tó máa dé ojú ewé keje, gọ́tà kò tíì wọ inú lẹ́tà. Ó fà á ya. Èkejì kúrú, ṣùgbọ́n èébú ló kún inú rẹ̀. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà ní ọ̀dájú tó ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí ará ìlú ń wẹ nínú ẹrẹ̀. Ó kà á sókè nínú yàrá, ó dùn létí rẹ̀ débi pé ó kù díẹ̀ kó gbàgbé pé àwọn tí òun ń bú wọ̀nyí ni òun fẹ́ tọrọ katapílà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta dúró sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé "àìbìkítà" ni kó kọ ni, àbí "àìnáání"? Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ronú sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ó fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé, ó to ìwé rẹ̀ láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kúrú jù, ó ṣa ẹ̀wà kóńgò méjì, ó sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí ẹ̀rọ ayélujára nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó lé ìwé ará ìlú. Ọgọ́fà èèyàn ló dá a lóhùn pé òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ.

Lẹ́tà kẹrin dára. Ohun tó kù ni ìbuwọ́lù, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù wà. Orúkọ ta ló máa ṣáájú? Àlàájì Gbádérọ̀ ni alága. Olóyè Akíndúró ni onílé àkọ́kọ́ ní òpópónà náà, ó joyè, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oṣù mẹ́rin ni òun fi ju Àlàájì lọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n kọ ìwé ìbánikẹ́dùn kan tí orúkọ Olóyè ṣáájú nínú rẹ̀. Àlàájì bínú fi ipò sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àdúgbò fi wà láìní alága. Bọ́láwùmí tó ń bá gbogbo ìjọba wí lórí fóònù kò lè gun àtẹ̀gùn méjì tó wà níwájú ilé Àlàájì láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ buwọ́ lù ú lábẹ́ ti Olóyè." Ojoojúmọ́ ló ń rìn dé ẹnu géètì. Á wò ó pé bóyá Àlàájì ń jẹun. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń kírun. Bí wọn kò bá jẹun, tí wọn kò sì kírun, a jẹ́ pé wọ́n ń sinmi, ta ló sì ń jí àgbàlagbà? Á padà sílé.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni Màmá Ọmọ́fẹ́ dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà ló ń tẹ ìwé, tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rẹlẹ̀ ju títì lọ. Òjò èṣí ti ba ẹ̀rọ rẹ̀ kan jẹ́. Èyí tó ń lò báyìí, tòkunbọ̀ ńlá kan, orí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ló gbé e lé.

"Bọ́láwùmí, lẹ́tà wa ńkọ́?"

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti sọ ni pé ó kù díẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Mo ti fi sílẹ̀ lọ́fíìsì wọn, mà."

"O ti fi sílẹ̀? Ta ló bá ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Bódìjà."

Ojú Màmá Ọmọ́fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. "Ní Bódìjà. Èmi pẹ̀lú ẹ̀rọ tó tó báyìí, o gbé lẹ́tà kọjá níwájú mi lọ sí Bódìjà."

"Ẹ má bínú, mà. Iná ni ò sí lọ́jọ́ yẹn."

"Iná wà. Ṣùgbọ́n kò burú. Olúwa á bù kún ẹ. Bá mi mú ẹ̀dà rẹ̀ wá tí wọ́n bá ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí gbogbo ènìyàn rí iṣẹ́ ọmọ wa."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ọmọ́fẹ́ ní kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣàròyé pé ó ga jù, àti pé gọ́tà ti fẹ́ là. Láti ìgbà náà ni Bọ́láwùmí ti ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ náà ṣe dé tí ojú ọ̀run sì ṣú. Bàbá rẹ̀ wà nídìí tíì àti búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ti lọ bá ẹ̀gbọ́n Bọ́láwùmí tó bímọ ní Àbújá, ó sì ku àwọn méjèèjì nílé, ohun tí ìyá náà ti sọ ṣáájú pé ó léwu.

"Màdáámú Lójú-Ẹsẹ̀, ẹ kú àárọ̀ o," bàbá ní, ó tún tẹrí ba díẹ̀ lórí àga. "Òní kọ́ ni Ọjọ́bọ̀ yín yẹn?"

Ni Bọ́láwùmí bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: lẹ́tà mẹ́rin, géètì Àlàájì, Bódìjà, ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀. Ó rò pé bàbá á bá òun wí. Bàbá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi jù. Ogún ìdílé ni. Oṣù kẹta ni wọ́n ní kí wọ́n bí mi, oṣù kẹrin ni mo wọlé. Ìyá mi ní nọ́ọ̀sì ti gbàgbé ohun tó mú òun wá."

"Dádì."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí màá bá ìyá tìrẹ sọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gún régé. Níkẹyìn, òun ló bi mí bóyá mò ń bọ̀ tàbí n kò bọ̀, nítorí pé àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ gbé àga tí wọ́n tò dè mí kúrò níta. Wáyà tí mo fi so géètì wa yìí, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí. Èmi kì í fi nǹkan falẹ̀ o. Mò ń jẹ́ kó pọ́n ni."

"Dádì, ẹ̀rín kọ́ lọ̀rọ̀ yìí! Òjò yìí lè rọ̀ lónìí. Omi máa wọnú ẹ̀rọ obìnrin yẹn, irọ́ mi ló gbé e sílẹ̀ fún omi."

"Mo mọ̀," bàbá ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì mú àwo tánganran kan àti pẹ́ńsùlù wá. Ó da àwo náà dé orí tákàdá, ó sì fà á yípo. Òbírí kan jáde, ó rí róbótó.

"Àárín rẹ̀ ni kí o kọ lẹ́tà sí. Kí wọ́n wá buwọ́ lù ú yípo etí rẹ̀. Òbírí kò lórí, kò nídìí. Nígbà tí mo wà ní Sẹkitéríàtì, báyìí la ṣe máa ń ṣe é bí ọ̀gá méjì bá ń bára wọn jà."

Bọ́láwùmí wo òbírí náà. Àtẹ̀gùn méjì iwájú ilé Àlàájì já wálẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

"Dádì, ìgbà wo lẹ ti rò ó?"

"Ọjọ́ ìpàdé yẹn. Mò ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni mo rò ó."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ ọ́," bàbá ní, ó tún mú búrẹ́dì rẹ̀.

Bọ́láwùmí ṣí ẹnu láti bínú, ẹ̀rín ló gba ẹnu rẹ̀ jáde, ìyẹn sì tún mú inú bí i sí i. Ó fa bírò yọ. Kò lè lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Ọmọ́fẹ́, nítorí lójú obìnrin náà, lẹ́tà ti dé ọ́fíìsì tipẹ́; ó fi ọwọ́ kọ ọ́. Gọ́tà wa ti dí. Òjò ń bọ̀. Omi ń wọ ilé mẹ́tàdínlógún àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé katapílà wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà á. Kò sí "àìbìkítà" níbẹ̀, kò sí "àìnáání."

Àlàájì Gbádérọ̀ kò jẹun, kò sì sùn. Ó ti jókòó síta bí ẹni tó ń retí wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yí tákàdá náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ibo ni orí ìwé yìí wà?"

"Ibi tí ẹ bá ti dì í mú náà ni, Àlàájì," Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó buwọ́ lù ú gàdàgbà. Ti Olóyè Akíndúró ló le, nítorí oko rẹ̀ ní Mọ́níyà ló lọ, aago méjì àtààbọ̀ ló sì tó dé. Òun náà yí tákàdá náà títí orúkọ Àlàájì fi dojú kodò, ó wá kọ tirẹ̀ sókè, ó fi oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ buwọ́ lù ú?" ó bèèrè.

"Ẹ̀yin ló wà lókè, Olóyè," Bọ́láwùmí dáhùn. Ní ọ̀nà tí Olóyè gbà dì í mú, irọ́ kọ́.

Òun àti bàbá rẹ̀ wọ takisí Máíkírà kan tó ń lọ Dùgbẹ̀, èrò mẹ́rin lẹ́yìn bí ìdì igi. Ọ̀nà dí ní Ṣàngó. Bọ́láwùmí ń wo aago, ó sì ń ṣe ìṣirò: ìṣẹ́jú mẹ́rin ni lẹ́tà, ogún ìṣẹ́jú ni Àlàájì, gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀wà ni òun ń ṣa.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n wọ ọ́fíìsì náà. Tábìlì wà, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àdúgbò sí wà lórí rẹ̀, kóòtù dúdú kan sì wà lẹ́yìn àga. Ẹni tó ni kóòtù ni kò sí.

"Ó wà nítòsí," obìnrin tó jókòó sí tábìlì kejì ní. "Ẹ ò rí kóòtù rẹ̀ ni?"

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ku márùn-ún. Aago ògiri lu mẹ́rin, kóòtù náà kò mira. Bọ́láwùmí gbọ́ tí lẹ́tà kejì ń ru sókè nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èébú inú rẹ̀, ọ̀dájú, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹrẹ̀; kò tíì sí ẹni tí èébú yẹ tó bẹ́ẹ̀ rí. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje ni ọkùnrin kan wọlé, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun lorúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí pátákó orí tábìlì ti wí.

"A ti tì í," ó ní, kó tó jókòó.

Bọ́láwùmí dìde. Ó ti mí sínú. Ojú rẹ̀ sì ṣèèṣì bọ́ sára kóòtù yẹn, bí ó ṣe rọra fẹ èjìká sórí àga, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó ni òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá rí i, láìfẹ́, pé irú kóòtù bẹ́ẹ̀ ni irọ́ tí òun náà ti gbé kọ́ síwájú Màmá Ọmọ́fẹ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Èémí tó fẹ́ fi bú èèyàn ṣòfò.

"Ẹ̀bi mi ni, sà," ó ní. "A ti wà níbí kí aago mẹ́rin tó lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà yìí fi wà lọ́wọ́ mi. Mo tún parọ́ fún ẹni tí omi máa kọ́kọ́ wọlé tọ̀ pé mo ti fi sílẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa. "Láti àárọ̀, èèyàn mọ́kànlá ló ti pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Táyà ẹnìkan bẹ́. Ẹnìkan sin àna rẹ̀. Ẹnìkan ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú lẹ́tà wá. Ìwọ nìkan ló wá sọ fún mi pé ọ̀lẹ ló ṣe ẹ́."

"Sà, n kò sọ pé ọ̀lẹ..."

Bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀lẹ ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun ṣí ìwé ńlá náà, ó sì họrí. "Aago mẹ́rin géérégé ló yẹ kí n fa ìlà pupa sídìí orúkọ tó gbẹ̀yìn, kí n sì buwọ́ lù ú. N kò tíì fà á." Ó gbé ojú sókè, ojú ń tì í díẹ̀. "Bí n kò bá fa ìlà, ta ló ti ìwé?"

"Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ máa tètè fa ìlà, ọ̀gá," Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ní, bíi pé àdúrà gidi ló ń gbà.

Ọkùnrin náà kọ orúkọ òpópónà wọn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n retí katapílà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ lu lẹ́tà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lu ẹ̀dà tí obìnrin tábìlì kejì bá wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ẹ̀rín kò jẹ́ kí bàbá lè rìn. Bọ́láwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òǹtẹ̀ náà. Déètì òní ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó tóbi, èyí tí Màmá Ọmọ́fẹ́ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní nínú ọkọ̀. "Ó dà bíi pé ọ̀la ni màá mú un lọ fún un. Kí n lè ronú ohun tí màá sọ."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá kò dá àpárá kankan. Ó kàn ń wo ojú ọ̀run láti fèrèsé Máíkírà. Nígbà tí wọ́n kọjá Ṣàngó, àrá sán, ìjì sì gbé ọ̀rá fò kọjá lójú títì.

"Kó o tó ronú tán," ó wá sọ nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "bá mi wò ó bóyá ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́."

Ní Agbowó, Bọ́láwùmí kò gba ẹ̀yìn ilé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tààrà, bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e, ó na ẹ̀dà náà síwájú, kò sì dúró kí ọ̀rọ̀ tó gún régé.

"Mà, òní ni mo fi sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn, n kò tíì kọ ọ́ tán. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Màmá Ọmọ́fẹ́ gba tákàdá náà. Ó ka déètì. Ó ka òbírí. Ó tún ka déètì.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń gbàdúrà fún ẹ, Bọ́láwùmí. Mo ń dárúkọ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà." Bọ́láwùmí kúnlẹ̀.

"Mo ní kí àwọn ọmọ mìíràn wo ìwà rẹ."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ má bínú."

"Bódìjà yẹn ńkọ́?"

"N kò dé Bódìjà. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́."

Nǹkan kan tú díẹ̀ lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ dún lórí páànù. Ó ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀.

"Dìde níbẹ̀ yẹn, má kúnlẹ̀ fún mi. Ìgbà tí ẹ̀rọ mi bá gókè tán lo máa bẹ̀ mí. Bàbá Bọ́láwùmí, ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ kejì mú, ẹ̀yin náà mọ̀ sí i."

"Mo mọ̀ sí i gan-an," Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá gbà, ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà náà wà lẹ́yìnkùlé. Bọ́láwùmí ló kó wọn wọlé, méjì, méjì, òjò sì ti ń lù ú lẹ́yìn. Wọ́n fa wáyà yọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sókè, Màmá Ọmọ́fẹ́ ń pàṣẹ bí ọ̀gá kápẹ́ńtà. Ẹ̀rọ náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Kò pẹ́ rárá tí omi pupa fi yọ orí sí ẹnu ọ̀nà, tó wo inú ṣọ́ọ̀bù, tó sì wọlé.

"Ó yá, bẹ̀ mí nísinsìnyí," Màmá Ọmọ́fẹ́ ní, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i.

Bọ́láwùmí gbà á. Bí ó ṣe ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń gbá omi síta, omi náà sì ń padà wọlé, títí òjò fi dá.